Owó Àtijọ́ Kì í Wẹ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí mo bá rí ẹni tó ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn bo owó ẹyọ àtijọ́, òwe yìí ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Nickel ni mo fẹ́ràn jù nínú owó wẹ́wẹ́ Amẹ́ríkà, ìyẹn owó séǹtì márùn-ún, nítorí pé tálákà náà lè ṣà á jọ. Dọ́là méjì péré lèèyàn máa fi gba ìdì kan ní báńkì, ogójì ẹyọ ló wà nínú rẹ̀. Á tú u, á wo ọdún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á mú èyí tó wù ú, á sì ná ìyókù. Bó bá jẹ́ báńkì ló fẹ́ dá ìyókù padà sí, kó má ṣe jẹ́ èyí tó ti gbà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó tó ti yẹ̀ wò tán ni wọ́n á tún kà fún un.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ló ń rí ìfun rẹ̀. Nígbà tí ọdún 1942 ń lọ sópin, Ogun Àgbáyé Kejì ń jẹ irin nickel, ìjọba sì yọ irin yìí kúrò nínú owó náà. Títí di 1945, bàbà, fàdákà àti manganese ni wọ́n fi rọ ọ́. Fàdákà kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wàá rí Monticello, ilé Thomas Jefferson tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, níbi tí àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ti fi òógùn ojú wọn ṣiṣẹ́. Èmi kì í wo ilé yẹn kí n gbàgbé wọn. Lókè òrùlé rìbìtì rẹ̀ ni lẹ́tà ńlá kan wà: P, D tàbí S. Fàdákà inú owó yìí máa ń jẹ́ kó ṣú. Dúdú yẹn gan-an ló ń tọ́ka rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, òun náà sì ni aláìmọ̀kan ń sáré fọ̀. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, ara owó náà á bó, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì dín iye tó fẹ́ san.

Ti nickel ẹlẹ́fọ̀n tilẹ̀ ń dùn mí jù. James Earle Fraser ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì rọ ọ́ láti 1913 sí 1938. Èjìká ọkùnrin onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lójú rẹ̀, níbi tó yọ síta, ni wọ́n kọ ọdún sí, nítorí náà ọdún yẹn ló ń tètè pa rẹ́. Àwọn kan ń kán ásíìdì sí i. Ọdún á hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá ásíìdì náà kò ní í lọ mọ́ láé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n ní èyí tí ọwọ́ àwọn tó ná an ti pa ọdún rẹ̀ rẹ́.

Etí owó ni kí o fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú, má fọwọ́ pa á lójú. Má sì kó o sínú ọ̀rá PVC rírọ̀, nítorí ó máa ń sun omi aláwọ̀ ewé sára irin. Páálí tí wọ́n dáhò sí fún ọdún kọ̀ọ̀kan ló dára.