BÍ ÈÉFÍN BÁ Ń RÚ, ẸNÌKAN WÀ NÍBẸ̀

Àṣàrò òwúrọ̀
Bíbélì kíkà: Jóòbù 2:11-13, 3 Jòhánù 13-15

  

Kí ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀ tèmi yìí láàárọ̀ òní, mo mọ̀ pé ẹ ti gba ibòmíràn kọjá. Ẹ ti yojú sí gúrúùpù àwọn tí ẹ jọ ka ìwé, tàbí ti ẹbí, tàbí ti ẹgbẹ́ akọrin. Ẹnìkan ti kí gbogbo ilé. Ẹnìkan ti ní òun ò tíì jí, pé ìka òun nìkan ló ń tẹ fóònù. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ó ní kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kankan má tíì bá òun sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ọ̀kà àárọ̀ wọn tán ná. Àwọn ọmọ Ajílété sì ti ń wá èsì tí wọn yóò fún un. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ tẹ àwòrán kan ránṣẹ́, ẹ sì kọjá.

Ìbéèrè mi lónìí kò gùn: kí ni gbogbo ìyẹn jẹ́ níwájú Ọlọ́run? Ṣé ìfẹ́ ni, àbí àkókò la kàn ń fi ṣòfò?

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní Mátíù 12:36 ti parí ọ̀rọ̀ náà, níbi tí Olúwa ti kìlọ̀ fún wa pé a ó ṣírò ọ̀rọ̀ tí kò wúlò. Wọ́n ní ẹni tó bá ti aago mẹ́fà ìdájí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀, mélòó ni yóò rò lọ́jọ́ ìdájọ́? Ìyá kan náà wà, opó ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì wà lókè òkun. Wọ́n sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe ti gúrúùpù àwọn ìyá ni, ó lè di ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ àwọn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rù Ọlọ́run. Ta ló wá jàre?

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ìbẹ̀rẹ̀ ìlú wa. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé nígbà tí Ògúnlọlá ọdẹ àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sábẹ́ igi Àjàgbọn, wọ́n rò pé àwọn nìkan ló wà nínú igbó yẹn. Àmọ́ Ògúnlọlá ń rí èéfín tó ń rú lọ́ọ̀ọ́kán, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ó mọ̀ pé igbó kì í dáná fúnra rẹ̀. Ó tọ èéfín náà lọ, ó sì bá àwọn ọdẹ mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ti tẹ̀dó síbi tí a ń pè ní Òkèlérìn, Ìjérù àti àwọn àdúgbò mìíràn lónìí. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Alóńgò. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n jọ gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú, kí wọ́n jọ máa ṣọdẹ, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, ilé Ògúnlọlá ni wọ́n ń forí lé. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà, ìyàwó rẹ̀ á gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó fi ọkà bàbà ṣe síwájú wọn, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ. (Ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tọrọ àyè lọ́wọ́ pásítọ̀ o.)

Ẹ wò ó dáadáa. Kó tó di pé Ògúnlọlá ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ìlú wa fi ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, ó ti kọ́kọ́ jókòó ti ẹ̀wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹni tó ta ẹtu tì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ṣé ẹ rò pé wọ́n á jẹ́ kó jẹun nírọ̀rùn?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ìtàkùrọ̀sọ. Àwa Yorùbá gan-an kò fojú kéré rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, tí a fi ń sọ fún un pé ẹ káàárọ̀? Ìyá tó ń tajà ní Tákié mọ̀ pé ọjà lòun wà, síbẹ̀ à ń kí wọn pé ẹ kú ọjà. Kò sí ìròyìn kankan nínú ìkíni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé mo rí yín, mo sì mọ̀ pé ẹ wà. Àwàdà wá jinlẹ̀ ju ìkíni lọ, torí a lè kí ẹni tí a ò mọ̀, àmọ́ a kì í fi ẹni tí a ò mọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kó o tó lè fi Arsenal yọ ẹnìkan lẹ́nu, o ní láti mọ̀ pé Arsenal ló ń ṣe, kó o sì mọ̀ pé kò ní bínú.

Ọ̀nà jíjìn náà kò sọ ọ́ di irọ́. Pọ́ọ̀lù kò tíì dé Róòmù nígbà tó kọ̀wé sí àwọn ará ibẹ̀, síbẹ̀ ó kí èèyàn tó lé ní ogún lórúkọ-lórúkọ ní orí 16. Àwọn òbí wa tó lọ ṣòwò ní Tamale àti Kumasi náà mọ̀ pé ìkíni kì í ṣòfò. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló di ẹrù wálé. Ẹni tí ìkíni rẹ̀ kò já, ilé kò ṣàjèjì sí i lọ́jọ́ tó dé.

Àmọ́ mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín, kí ẹ má baà rò pé Bàbá tó ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ asán kò rí ohun kankan.

Nínú gúrúùpù àwa tí a jọ jáde ilé ìwé, ọ̀rẹ́ wa kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta páàtì mọ́tò. Òun ni aláwàdà wa. Tí kò bá tíì sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ lójú wa. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé, “Mo ti di ẹni ẹ̀mí báyìí o. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbààwẹ̀, kì í kúkú ṣe pásítọ̀ ló kéde ẹ̀.” Ojú ẹlẹ́rìn-ín kún ilẹ̀. Èmi náà dáhùn, mo ní ó kéré tán, ikùn ẹ máa wọlé díẹ̀. Mo rántí pé inú mi dùn sí èsì yẹn, torí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbóhùn ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwàdà ò dúró nínú gúrúùpù, ẹlòmíràn ti gbà á ṣe.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Jàgùn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù. Kíkà ló máa ń kà. Òun ló bi wá lọ́jọ́ kẹwàá pé, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, aláwàdà wa ńkọ́?” Ó pe nọ́ńbà rẹ̀, kò lọ. Ó wá nọ́ńbà àbúrò ìyàwó rẹ̀ títí ó fi rí i. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ mọ́tò láti ibí, ó gba Ọ̀yọ́ kọjá, ó dé Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́ lẹ́sẹ̀. Ó bá ọ̀rẹ́ wa lórí ibùsùn. Ọgbẹ́ inú ti dá a gúnlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé láti bí oṣù mẹ́rin, fóònù gan-an ti di títà. Lọ́jọ́ yẹn ni ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sì ké sí gbogbo wa pé ká dáwó.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá tí mo lọ kí i, mo bi í pé, “Kí ló dé tó ò sọ fún wa?” Ó wò mí. Ó ní, “Mo kúkú sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀rín lẹ fi dá mi lóhùn.”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi títí dòní.

Àwọn baba wa sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Èmi mọ òwe náà, mo sì ti pa á fún ẹlòmíràn rí. Àwòrán ojú ẹlẹ́rìn-ín tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ wò ó lórí fóònù yín nísinsìnyí: omijé wà lójú rẹ̀. Omijé ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ránṣẹ́ padà sí i, mi ò mọ̀.

Ògúnlọlá rí èéfín, ó dìde. Èmi rí èéfín, mo yìn ín pé ó dùn-ún wò. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ asán wà nìyẹn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kan pani lẹ́rìn-ín ló sọ ọ́ di asán. Asán ni nígbà tí ẹni tó ń sọ ọ́ kò múra láti dìde fún ẹni tó ń bá sọ ọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ ì báà má ṣe àwàdà rárá, kó máa fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ láràárọ̀, ohun tí Jákọ́bù 2:15-16 ń bá wí náà ló ń ṣe: ó ń fi ẹnu fún ẹni tí ebi ń pa lóúnjẹ.

Ṣé ká wá dákẹ́ àwàdà ni? Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi yẹn tún sọ. Ó ní láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, gúrúùpù yẹn nìkan ni ibi tí òun kì í ti í ṣe ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kógbá sílé. Ó ní kí n má wulẹ̀ wá máa fojú àánú wo òun báyìí o, pé ọjọ́ tí mi ò bá lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lòun máa mọ̀ pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Èyí náà jẹ́ òtítọ́. Àwàdà ń bọlá fún èèyàn. Ohun tó ń sọ ni pé ìṣòro rẹ kò tíì gbé ọ kúrò láàárín wa.

Àmọ́ àwàdà ní àkókò, ó sì ní ààlà. Òwe 25:20 fi ẹni tó ń kọrin fún ọkàn tó bàjẹ́ wé ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára èèyàn nígbà òtútù. Àwa tí ọyẹ́ ń fẹ́ lù níbí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òwe 26:18-19 sì bá ẹni tó ń ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ níbi wí, tó wá ń ní eré lòun ń ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, nígbà tí wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ṣe é léṣe.

Ẹnìkan lè ní, “Igba èèyàn ló wà nínú gúrúùpù wa, ta ni mo fẹ́ tọ̀ lọ nínú wọn?” Òótọ́ ni. Ọlọ́run kò ní kí o tọ igba èèyàn lọ. Èéfín mẹ́rin ni Ògúnlọlá tọ̀ lọ, ìlú ńlá ló sì ti ibẹ̀ jáde. Ta ni mẹ́rin tìrẹ? Bí o kò bá gbóhùn wọn fún ọjọ́ méjì, ṣé wàá mọ̀?

Ẹ rántí ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹwàá 2021, tí WhatsApp, Facebook àti Instagram kú pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ wa jókòó, à ń tan fóònù, à ń pa á, a rò pé dátà ló tán. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní, ta lo lè pè nínú àwọn tí o ń bá rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́? Ilé ta lo mọ̀ nínú wọn? Jòhánù kò kórìíra ìwé kíkọ, ó kọ ọ́. Àmọ́ ní ìparí lẹ́tà rẹ̀ kẹta, ó jẹ́ kí Gáyọ́sì mọ̀ pé òun fẹ́ kí àwọn rí ara àwọn lójúkojú. Ó tún ní kó bá òun kí àwọn ọ̀rẹ́, kì í ṣe lápapọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

OHUN TÍ A Ó ṢE LÓNÌÍ: Ronú kan ẹnìkan tó máa ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, tí o kò tíì gbóhùn rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Pè é. Má tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, pè é. Bó bá ní dáadáa lòun wà, ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Bí ohùn rẹ̀ bá yí padà, má gbé fóònù sílẹ̀ kíákíá.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ tí mo kàn rẹ́rìn-ín. Fún mi ní etí tó ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ àwàdà, àti ẹsẹ̀ tó lè dìde. Má ṣe jẹ́ kí iná ẹnikẹ́ni kú nítòsí mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Ẹ má tíì fi àṣàrò yìí ránṣẹ́ sí gúrúùpù kankan. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni yẹn ná.