Fájuyì àti Gbèsè Olùgbàlejò

Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí Adó-Èkìtì tó jẹ́ gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ni àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ mú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, 1966, tí wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ àlejò rẹ̀, olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi. Ìtàn tó gbilẹ̀ ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ní wọ́n ti pinnu láti pa òun náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà a kò lè sọ pé ó yan ikú, nígbà tí kò lè yan ìyè. Àtakò yìí lágbára, àmọ́ ó há díẹ̀, torí ẹni tí a dè tọwọ́-tẹsẹ̀ pàápàá ṣì lè yàn bóyá òun yóò sẹ́ ẹnìkejì òun. Nínú ìlànà ọmọlúàbí, èyíinì ni ìwà tí Yorùbá fi ń dá ẹni iyì mọ̀, olùgbàlejò ti gba ẹ̀mí àlejò sọ́wọ́, nítorí náà ohun tí Fájuyì ṣe lè jẹ́ gbèsè tó san, kì í ṣe oore ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí kò sì dín iyì rẹ̀ kù. Ikú rẹ̀ kò gba Ironsi là. Síbẹ̀ wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Adó-Èkìtì, bí ẹni pé àbájáde kọ́ ni wọ́n fi ń wọn ìrúbọ.