Ebi, Òtútù àti Òfin Keje ní Ìlú Cologne

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ń jiyàn lórí bóyá ẹni tí ebi tàbí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tó wá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kó má baà kú, jẹ́ olè lójú Ọlọ́run. Ní Cologne, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní ìgbà òtútù ọdún 1946 sí 1947, àríyànjiyàn yìí di ọ̀ràn tí ìyálé ilé gbọ́dọ̀ dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ogun ti parí láti oṣù karùn-ún ọdún 1945, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ti sọ àárín ìlú náà di àlàpà, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń gbé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ àwọn ilé tó ti wó. Káàdì ni ìjọba ológun Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín oúnjẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n kéde jẹ́ nǹkan bí 1,550 kálórì lójúmọ́, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, àmọ́ ohun tó ń dọ́wọ́ aráàlú sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó Reichsmark ti di yẹpẹrẹ débi pé sìgá ni wọ́n fi ń nájà ní ọjà fàyàwọ́. Odò Rhine dì. Bẹ́ẹ̀, èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà nítòsí ń gba iwájú àwọn ènìyàn kọjá lórí rélùwéè: bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dẹ eré, àwọn ọmọdé á gun orí rẹ̀, wọ́n á máa ju ìṣù èédú sílẹ̀, àwọn ìyá wọn á sì máa ṣà á sínú àpò.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1946, Kádínàlì Josef Frings, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Cologne, wàásù ní ìjọ St. Engelbert lórí òfin keje nínú Òfin Mẹ́wàá, èyí tí àwọn Kátólíìkì ń kà sí òfin tó ka olè jíjà léèwọ̀. Ó ní nínú irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú ohun tó nílò láti pa ẹ̀mí àti ìlera rẹ̀ mọ́, bí kò bá lè rí i nípa iṣẹ́ tàbí ẹ̀bẹ̀.

Yorùbá gbà pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àánú ni òwe náà ń ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa, nígbà tí ẹ̀kọ́ tí Kádínàlì náà gùn lé ń fún un ní ẹ̀tọ́. Thomas Aquinas ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá pé Ọlọ́run dá àwọn ohun ayé fún ìtọ́jú gbogbo ènìyàn, pé ìpín tí ènìyàn ṣe láàárín ara wọn kò lè fagi lé ète yìí, àti pé nítorí náà, ẹni tó mú nínú àìní tó hàn gbangba tó sì le koko kò jalè rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti nira jù ni pé àwọn aláṣẹ ń kó apá kan èédú náà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, títí kan àwọn ilẹ̀ tí ọmọ ogun Jámánì ti gbà tí wọ́n sì ti kó lẹ́rù, níbi tí òtútù ti ń mú àwọn ọmọ mìíràn. Ẹni tó wà nínú ìpọ́njú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ìpọ́njú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Síbẹ̀, ìyá tó ń ṣa èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kò lè rí iyàrá tí èédú náà ń lọ. Àwọn tó ń pín in ló rí méjèèjì, ọrùn wọn ni ẹrù ìdájọ́ náà sì wúwo sí jù.

Ìlú há gbólóhùn tí Kádínàlì náà sọ nínú ìwàásù rẹ̀ sórí, wọ́n tilẹ̀ sọ orúkọ Frings di ọ̀rọ̀-ìṣe fún mímú èédú. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ gbàgbé: ó ní ọ̀pọ̀ ti kọjá ààlà yìí, àti pé àfi kí wọ́n dá ohun tí kò tọ́ sí wọn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìdáríjì. Ìdajì kejì yìí ló fún ìdajì àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀, nítorí àìní ló bí ẹ̀tọ́ náà, àìní ló sì ń wọ̀n ọ́n. Àpò èédú kan tó mú iyàrá gbóná wà nínú ẹ̀tọ́ náà. Àpò tí wọ́n fi pààrọ̀ sìgá láti jèrè kò sí níbẹ̀. Nígbà tí owó tuntun dé ní oṣù kẹfà ọdún 1948, tí ọjà sì tún kún inú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀tọ́ náà bá àìní tó bí i lọ, ṣùgbọ́n gbèsè àwọn tó mú ju ohun tí wọ́n nílò lọ wà síbẹ̀, láìsí ilé ẹjọ́ kankan tó lè ka iye rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rí-ọkàn wọn.