Ẹ Jẹ́ Kí Á Walẹ̀ Jìn
Ẹ ka Lúùkù 6:46–49



Bí ìgbà òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ti ń wo ẹ̀yìn ilé láti kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì, ahéré onípákó tí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti ẹrù tí kò wọlé mọ́ yóò máa gbé. Ọjọ́ kan ni a lè fi to pákó rẹ̀ pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í da òkúta sórí koríko. Yóò kan èèkàn, yóò ta okùn, yóò wọn láti igun dé igun tó kọjú sí i. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, ilé ti wọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ́ koríko àti ilẹ̀ dúdú kúrò, bí íǹṣì 4 sí 6. Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀ẹ́rẹ́, apá òkè ni yóò gbẹ́ wálẹ̀. Kò ní bu iyẹ̀pẹ̀ kún apá ìsàlẹ̀, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó síbẹ̀ yóò rì. Yóò tẹ́ aṣọ tí omi ń gbà kọjá, kí èpò má baà hù, kí òkúta má sì wọnú amọ̀ lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a fọ́, tó ní igun, ni yóò dà sí i. Wọn a máa di ara wọn mú, ṣùgbọ́n èyí tó rí roboto a máa yí lẹ́sẹ̀ ẹni. Íǹṣì 2, yóò gún un mọ́lẹ̀. Íǹṣì 2 mìíràn, yóò tún gún un. (Ẹ̀yìn á sọ fún un pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.) Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé lẹ́bẹ́lì lé pákó gígùn, títí afẹ́fẹ́ kékeré inú omi rẹ̀ yóò fi dúró láàárín.

Amọ̀ ni ilẹ̀ púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a súnkì, a sì sán. Nígbà òjò a wú. Bí ìdí ahéré kò bá tẹ́jú, ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí: kò ní padé mọ́. Àwọn ènìyàn a máa fá etí ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n á tún fá a.

Ọmọ kò gbọ́ràn mọ́, a pariwo lé e. Ọkọ àti aya kò bára wọn sọ̀rọ̀, a pe àwọn àgbà ìjọ lóru. Ilẹ̀kùn ni à ń fá. Àdúrà ìdílé tí iṣẹ́ òru ti gbà mọ́ wa lọ́wọ́ ńkọ́? Oúnjẹ tí a kì í jọ jẹ mọ́ ńkọ́?

Mátíù náà sọ ìtàn ilé méjì yìí, ṣùgbọ́n Lúùkù ló fi kún un pé ọkùnrin náà walẹ̀, ó sì walẹ̀ jìn. Ẹnì kejì kì í ṣe aláìgbọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Orí ilẹ̀ bó ti bá a ló kọ́lé sí. Odò kan náà ló sì kọlu àwọn méjèèjì.

A mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni ẹlòmíràn ń ṣe kí owó ilé tó pé, a kò sì dá a lẹ́bi. Kí ó gún un ní íǹṣì 2: ìṣẹ́jú 10 kí ẹni tó ń lọ síṣẹ́ òru tó jáde, sáàmù kan, kí a sì dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan níwájú Olúwa. Lọ́sẹ̀ yìí kí á ṣe é lọ́jọ́ méjì, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mẹ́ta. Bí àwọn ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Kí ẹ̀yin ṣáà máa bá Yorùbá yín lọ. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó ṣí Sáàmù 127, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí ilé kíkọ́, tó sì parí sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.