Ẹkún Lórí Ewúrẹ́
Ìbéèrè kan wà nínú ọ̀sìn ewúrẹ́ ní Erio-Èkìtì: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn ṣọ̀fọ̀ ẹran tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ tà fún pípa? Oyún oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ ń ní, ó sì sábà máa ń bí ìbejì. Eèpo ẹ̀gẹ́ àti eèpo iṣu ló ń jẹ. Ìnáwó rẹ̀ kì í pọ̀, àfi tí àrùn bá dé. Àrùn tí wọ́n ń pè ní PPR, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Ivory Coast ní 1942, ló burú jù. Ikun á máa dà nímú, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ á sì bá ẹran lọ.

Nínú Bíbélì, Ìwé Òwe orí 12 ka ìtọ́jú ẹran mọ́ ìwà olódodo. Ìsìláàmù ní kí ọ̀bẹ mú, kí ẹran má baà jẹ̀rora. Nínú ẹbọ ìbílẹ̀, ẹ̀mí ẹran lè dípò ẹ̀mí ènìyàn. Ohun tó lè dípò ènìyàn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nítorí náà, ẹkún olùsìn kì í ṣe àṣejù rárá. Ṣùgbọ́n ẹkún nìkan kò tó: abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR ń dáàbò bo ẹran fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé e dé abúlé kí ọyẹ́ tó dé.