Ẹnu Fẹlá, Ojú Olíkóyè
Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì sọ fún àwọn akọ̀ròyìn ní Èkó ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ìbá bò mọ́lẹ̀: àrùn éèdì ló pa àbúrò òun, olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tó kú ní àná ọjọ́ náà.

Dókítà àwọn ọmọdé ni Olíkóyè, ó sì ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí. Ó pẹ́ tó ti ń kìlọ̀ nípa éèdì, etí ò gbọ́. Àrùn òyìnbó ni Fẹlá kà á sí ní tirẹ̀, kò sì ka kọ́ńdọ̀mù sí nǹkan kan. (Ìṣègùn ni wọ́n ní kó lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, orin ló kọ́ bọ̀.)

Ta ló mọ̀ nínú àwọn méjèèjì? Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípò, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀, fọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn Èkìtì lẹ́nu wò nípa ohun tó ń jẹ́ ìmọ̀, wọ́n sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1986. Lójú àwọn oníṣègùn náà, ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tó sì yé e, ló lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á gbọ́ ni.

Òṣùwọ̀n yìí le. Kò sí ẹni tó fojú lásán rí kòkòrò éèdì. Ẹni tó gba dókítà gbọ́ àti ẹni tó gba olórin gbọ́, kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn.

Àmọ́ ìgbàgbọ́ ṣeé yẹ̀ wò. Bí a bá bi Olíkóyè pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?", yóò tọ́ka sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, dókítà mìíràn lè tún un ṣe, kó sì já a nírọ́. Ta ni yóò bi Fẹlá bẹ́ẹ̀ lórí pèpéle Shrine, ilé ijó rẹ̀? Ìlù ni yóò dá a lóhùn.

Òkìkí olórin ní ìwúlò tirẹ̀ ṣá o. Ní oṣù kẹwàá 1956, Elvis Presley ká apá aṣọ sókè níwájú akọ̀ròyìn ní New York, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, torí pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń fà sẹ́yìn. Apá ló yá àwọn onímọ̀, kò yá wọn lẹ́nu.

Orúkọ àbúrò nìkan ló kù fún Olíkóyè láti yá. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn ní ìjọba ló pa Fẹlá. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú náà láti Tafawa Balewa Square lọ sí Ìkẹjà, àtàwọn tó gba Olíkóyè gbọ́ àtàwọn tí kò gbà á gbọ́ ló kún ojú ọ̀nà, orin Fẹlá ni wọ́n sì ń kọ.