Ẹni Tí Ó Ra Ìlà

Ẹ̀yin ará Sango àti Ọ̀tà, bí Kérésì bá dé, ìyà méjì ni ẹni tí yóò wọ bàálù ní Ìkẹjà ń jẹ: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Abẹ́òkúta, àti ìlà gígùn níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù àti ara wò. Bí ẹnì kan bá wá sọ létí yín pé, "Ọ̀gá, ẹ fi nǹkan sílẹ̀, kí n gba ẹ̀yìn mú yín wọlé láìtú ẹrù," ǹjẹ́ ó burú bí a bá fún un?

Ó burú. Àkókò àwọn tí ó ti dúró láti àárọ̀ ni ó ń tà fún yín. Ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2009, pápákọ̀ Murtala Muhammed yìí náà ni Umar Farouk Abdulmutallab ti wọ bàálù lọ sí Amsterdam, tòun ti bọ́ǹbù nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ fi í fọ́ bàálù mìíràn tí ó gbé nǹkan bí 290 ènìyàn lọ sí Detroit ní Amẹ́ríkà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bọ́ǹbù náà kò bú dáadáa, tí àwọn èrò sì gbá a mú. Wọ́n kúkú yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọlé o! Kín ni ẹni tí a kò yẹ̀ wò rárá kò lè gbé kọjá?

Ẹ tètè kúrò ní Sango, ẹ mú sùúrù dání. Ẹni tí ó ra ìlà ti ta ẹ̀mí ara rẹ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíràn.